Mo Lọ Wo Ẹni Tí Màámi Ń Sunkún Rẹ̀ ní Peckham

Ẹ̀yin ará Ìwó, àti ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń da ìbéèrè bò mí láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ kú ilé o. Ẹ má wo ọwọ́ mi mọ́. Ẹrù tí mo kó bọ̀ ti tán, ṣokoléètì tí mo rà fún àwọn ọmọdé sì ti yọ́ mọ́ bébà kí n tó wọ ilé. Ìròyìn ló kù. Òun náà ni mo jókòó láti pín báyìí, torí ẹni tó bá rin ìrìn-àjò tí kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, àwọn tí kò kúrò nílé ni yóò bá a sọ ọ́, wọn yóò sì fi iyọ̀ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí mo fi lọ. Aránṣọ ni mí, n kò lá àlá Lọ́ńdọ̀nù rí. Ọ̀rọ̀ Màámi ló gbé mi débẹ̀. Àbúrò mi kan ṣoṣo, Múfútàù, ti wà ní Peckham láti ìgbà géńdé rẹ̀. Ìwé tí yóò fi máa gbé ìlú náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba wọn. Wọn kò fún un, wọn kò sì ní kó máa lọ. Bó bá jáde pẹ́nrẹ́n, kò ní lè padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ohùn rẹ̀ nìkan ni a ń gbọ́ lórí fóònù.

Ohùn yìí tó Màámi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé kan wà ládùúgbò wa tí ọmọ wọn kú sílùú òyìnbó, tí wọ́n fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó máa fi orúkọ ọmọ náà pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Láti ọjọ́ tí àṣírí náà ti tú ni Màámi ti ń sọ pé Múfú náà ti kú. Bó bá pè, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, wọ́n á sì gbé fóònù fún mi. Nígbà tí ẹnì kan wá sọ fún wọn pé òun fojú ara òun rí Múfú ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ni ọ̀rọ̀ burú sí i. Wọ́n ní àkúdàáyà ni. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe máa ń sọ ọ́: ẹni tó ti kú yóò lọ sí ìlú jíjìn, yóò ṣiṣẹ́, yóò fẹ́yàwó, yóò bímọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án, yóò pòórá. Màámi ní ìdí nìyẹn tí Múfú kò fi lè wálé.

Mo fi fọ́tò tó fi ránṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù hàn wọ́n. Wọ́n ní fọ́tò kì í mí. Oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n lọ́fun mọ́, aṣọ tí mo rán fún wọn ń jábọ́ léjìká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe ààfáà pé kó wá mú ọjọ́ fún fídáù ọmọ àwọn. Fídáù ẹni tó wà láàyè! Mo bẹ ààfáà pé kó ṣe sùúrù títí n ó fi lọ wo Múfú kí n sì padà wá jẹ́rìí.

"Ìwọ náà lè parọ́," ni Màámi wí fún mi, "kí n má baà kú."

Ẹni tí kò wá pàdé mi

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ó gba abẹ́ ìró wọlé láìkànlẹ̀kùn. Mo wo ojú gbogbo àwọn tó wá pàdé èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú, n kò rí Múfú. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ló wá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú mi, àwọn òyìnbó ń yà á kọjá.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Èmi ni Bọ́sẹ̀."

Ìyàwó Múfú nìyí. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀ tààrà. Mo gbé e dìde, mo dì mọ́ ọn, mo sì béèrè ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n wà lórí shift, ẹ̀gbọ́n mi. Manager wọn ò jẹ́ kí wọ́n swap. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

N kò bínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo wí nínú ọkàn mi pé, Sìkírátù, ó ti gbọ́ pé ò ń bọ̀, ó ti sá nìyẹn.

Ilé wọn wà lókè nínú àwọn ilé ńlá tí ìjọba kọ́. Bọ́sẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú mi. Ọmọ wọn obìnrin, Tómi, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù mí lọ, kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ohùn òyìnbó kí mi: "Ẹ káàbọ̀, Big Mummy. Ṣé flight yín wà okay?" Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo jókòó bí olùṣọ́. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gun àtẹ̀gùn ni mò ń gbọ́.

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan wọlé, orí rẹ̀ pá, ó ń dán yanran, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀. Mo rò pé ará ilé kejì ni. Àfìgbà tó pariwo "Àǹtí mi!" N kò mọ ìgbà tí mo fò dìde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù rẹ̀ mú gírígírí.

"Àǹtí mi, ẹ tú mi sílẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ fún yín."

"Mi ò tú ẹ sílẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dọ̀bálẹ̀ tí èmi náà sì ń bẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e, tí Bọ́sẹ̀ fi ń rẹ́rìn-ín tó fi ara ti ògiri. Ara rẹ̀ gbóná. Òórùn àlùbọ́sà wà lára rẹ̀, torí ilé ìdáná ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò pòórá. Mo sunkún, inú mi sì dùn débi pé ebi tí mo gbàgbé láti ìdájí padà dé.

Ìlú tí wọn kì í kíra wọn

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé búrẹ́dì àti tíì ni mo fi gbogbo ọjọ́ jẹ, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Ní Rye Lane, òpópónà ọjà wọn, iṣu, ata rodo, ẹja tútù, pọ̀nmọ́, gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n fi bébà wé àwọn iṣu kan lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun. Ará Pakísítánì ni ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ẹran, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gèlè mi ló ké sí mi: "Mama! Ṣàkì? Ẹ wá!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í pé ọmọ ilé ta ni láti Ìwó.

Ìkíni ló ṣòro fún mi. Ẹ fojú inú wò ó: èèyàn jọ ń gun àtẹ̀gùn kan náà láàárọ̀, olúkúlùkù á máa wo bàtà rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á jókòó tira, orúnkún á máa kan orúnkún, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ọkùnrin kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, òun ló ní kí n má bínú. Ní tòótọ́, mo bínú. Mo ní ìlú wo lèyí tí ẹni tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń bẹ ẹni tó tẹ̀ ẹ́?

Ìyá àgbà òyìnbó kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà. Mo pinnu pé n ó máa kí i dandan. Bí mo bá ti rí i, mo ní "Good morning, ma," mo sì fi orúnkún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ti ń dúró dè mí lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì fi kéèkì kan tì mí lọ́wọ́ tó dùn jù èyí tí ẹ ń gé níbi ìgbéyàwó nílé. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ ìkíni. Ojú ń tì wọ́n láti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun tí ń mí

Lásìkò yìí ni nǹkan tuntun gba ìlú kan. Wọ́n ti ṣe ibì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè gbé fídíò rẹ̀ sí, tí gbogbo ayé yóò sì lè wò ó láti ibikíbi tí kọ̀ǹpútà bá wà. Nílé Múfú, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwòrán rẹ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì máa ń dúró gbọnrangandan lójijì, tí òrùka kékeré kan á máa yí láàárín rẹ̀. Èmi á máa na kọ̀ǹpútà lẹ́yìn bí ọmọ tí èsúkè ń ṣe.

"It's buffering, Big Mummy," Tómi á wí. "Ẹ ṣe sùúrù, innit."

A wo eré Yorùbá níbẹ̀, tí àwọn kan gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ torí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n ń gbà fún fídíò kan. Ìyàwó burúkú á ti gbé májèlé sókè báyìí, fídíò á tán, ẹ ó wá máa wá apá kejì kiri. Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé orin ìjọ wọn síbẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n. Ẹnì kan ní Amẹ́ríkà, tí kò mọ̀ wọ́n rí, kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ orin wọn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orin tí ìyá òun máa ń kọ. Bọ́sẹ̀ kà á fún mi tomijétomijé.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ta kìjí. Fọ́tò kì í mí, Màámi ló wí bẹ́ẹ̀. Fídíò ń mí! Kafé kan wà ní Ìwó tó ní kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀. Bàbá Kúdí, ọkọ mi, lè gbé Màámi lọ síbẹ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí ọmọ wọn. Mo sọ fún Múfú. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ìlú.

Ìkíni tó da ilé rú

Mo lọ kí ará ilé wa kan ní Catford. Kí n tó dé, Múfú àti ìyàwó rẹ̀ ti ya fídíò náà, wọ́n ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fẹ́ fi ìyẹn yà mí lẹ́nu. Ó sì yà mí lẹ́nu lóòótọ́.

Múfú kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rò pé ìyà ń jẹ òun. Ó kun irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú kirikiri, ó dé fìlà bo orí tó pá. Bọ́sẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ funfun látòkè délẹ̀, torí nínú ìjọ tirẹ̀, kò sí aṣọ tó mọ́ ju funfun lọ. Ni Múfú bá bẹ̀rẹ̀ sí í kíni. Ẹ mọ ilé wa. Èèyàn kì í kí ìyá rẹ̀ kó fo àgbà agboolé. Ó kí wọn níkọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó dàgbà jù, ó kí wọn kú ewu ọdún, kú òjò, kú ìnáwó. Nígbà tó fi máa dé orí ọ̀rọ̀ gan-an, pé òun wà láàyè, kí wọ́n má ṣe fídáù kankan, ó ti ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ibi íńtánẹ́ẹ̀tì náà kò gbà á. Bọ́sẹ̀ ní láti gé nǹkan kúrò. Ìyàwó ilé ni, kò láyà láti gé orúkọ àgbà kankan. Ọ̀rọ̀ ìparí ló gé.

Bàbá Kúdí pè mí lórí fóònù.

"Ìyá Kúdí, kí lẹ ṣe yìí? Màámi ti ká ọwọ́ lérí. Wọ́n ní bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé ló ṣì ṣe rí, ẹyọ irun kan kò funfun. Wọ́n ní aṣọ funfun ló wọ̀. Ó sì ń kí Bàbá Láyípo!"

Bàbá Láyípo, àgbà agboolé wa, ti kú. Ìyá Ẹlẹ́kọ tó kí tẹ̀lé e ti kú. Bàbá Kẹ̀kẹ́ náà ti kú. Kò sẹ́ni tó sọ fún Múfú nínú wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè.

"Màámi ní àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló ń kí," ni ọkọ mi wí. "Wọ́n ti ránṣẹ́ pe ààfáà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni fídáù."

Mo sọ fóònù kalẹ̀. Múfú ń wò mí. Kò sí bí mo ṣe lè fi pamọ́ mọ́, mo sọ fún un.

"Bàbá Láyípo kú?"

"Ó ti pẹ́."

"Ìyá Ẹlẹ́kọ ńkọ́?"

Mo ní òun náà, àti Bàbá Kẹ̀kẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún gbogbo wọn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́sẹ̀ gbé orí rẹ̀ sí àyà.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ni mo máa ń ní kí ẹ bá mi kí wọn," ni Múfú wí. "Ẹ sì máa ń ní ẹ ti bá mi kí wọn."

"A ò fẹ́ kí ọkàn ẹ bàjẹ́ níbi tí kò sí ẹni tó máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí mi, bí ẹ bá lè fi òkú mẹ́ta pamọ́ fún èmi, kí ló dé tí Màámi ò ní rò pé ẹ fi ẹyọ kan pamọ́ fún àwọn?"



Lórí iṣu

Lọ́jọ́ Sátidé, Múfú fẹ́ tún irùngbọ̀n kùn kí a ya òmíràn. Mo gba ike ọ̀dà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ nù. Mo ní kó jẹ́ ká lọ ra iṣu. Mo gba kámẹ́rà lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀, ó fi ibi tí n ó tẹ̀ hàn mí, mo sì ń tẹ̀ lé àbúrò mi lẹ́yìn ní Rye Lane bí ọlọ́pàá inú.

Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ tó ti ṣá. Kò dé fìlà, ọ̀dà sì ti ń ṣí kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀, funfun ń yọ. Ó gbé iṣu kan, ó gbọ́n ọn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ti ń rà nídìí. Obìnrin tó ń tà á, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan, yarí kanlẹ̀.

"Uncle, iṣu mi ò rà! Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jù!"

"Èmi? Aunty, ọwọ́ mi wọ inú iṣu ni?"

Níbi tó ti ń ṣẹ́jú sí i, ó gbé ẹsẹ̀ sínú omi ẹja tó ṣàn wá láti ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ rin gbingbin. Ó sín. Obìnrin oníṣu bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, kámẹ́rà ń mì lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ló yíjú, tó rí ohun tí mò ń ṣe.

"Àǹtí mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lójú mi, kò dáa bẹ́ẹ̀!"

Bọ́sẹ̀ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà. Kò sí ìkíni kankan nínú rẹ̀. Ojú ń ti Múfú. Ó ní ìyá òun kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìyà lọ.

Bàbá Kúdí ló ròyìn bó ṣe rí ní kafé fún mi. Èrò kún ibẹ̀, torí gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Màámi jókòó tàwọn ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n kọ̀ láti wo iwájú. Wọ́n fẹ́ lọ sílé. Ni wọ́n bá gbọ́ tí ẹnì kan ń jà lórí iṣu. Wọ́n gbójú sókè. Àwòrán náà dúró lójijì gan-an níbi tí Múfú ti tẹ orí sílẹ̀ tó ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, orí pípá náà kún ojú kọ̀ǹpútà, òrùka kékeré yẹn ń yí lé e lórí. Èrò ń kùn, wọ́n ní kí oníkafé ṣe é kó máa lọ.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Màámi wí. Wọ́n dìde, wọ́n fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Orí bàbá rẹ̀ rèé. Irun kún orí ọmọ yìí bámúbámú lọ́jọ́ tó lọ." Wọ́n kọjú sí èrò. "Òkú kì í darúgbó. Múfú mi ti ń darúgbó!"

Bí wọ́n ṣe bú sẹ́kún nìyẹn, tí wọ́n ń jó lórí ìjókòó. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbé látìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti béèrè ohun tí àwọn yóò jẹ. Ààfáà tó ti ń múra fídáù, wọ́n ní kó wá ṣe àdúrà ọpẹ́.

Èsì Màámi

Nígbà tí mo padà dé, Màámi kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wọ inú fídíò. Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹni tí ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, mo sì gbé àga wọn síta. Mo rò pé àdúrà ni wọn yóò ṣe, mo rò pé wọn yóò kí ìyàwó àti ọmọ. Mo sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni.

"Yóò tó," ni wọ́n wí. Wọ́n tún ìborùn so, wọ́n sì kọjú sí kámẹ́rà.

"Múfútàù! Àgbàyà! Ta ló ní kí o kun irùngbọ̀n láti fi tan èmi tí mo bí ọ? Ṣé n kò mọ irùngbọ̀n bàbá rẹ ni? Kí ló ń ṣe ọ́ tí o fi ń bá obìnrin jà lójú títì lórí iṣu? Ikùn wo lo gbé síwájú yẹn, ìwọ lo lóyún ni, àbí ìyàwó rẹ? Òtútù tó mú ọ tí o fi ń sín, o kò ní ẹ̀wù ni?"

Wọn kò sinmi. Wọ́n bú u dé orí bàtà. Wọ́n bú u nítorí ẹyin adìyẹ tó jí jẹ nígbà tó wà ní kékeré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, wọn kò tíì ṣe tán. Ní kafé, ó gba ọ̀sán gbáko kí ó tó wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tán, tí mò ń bẹ Ọlọ́run kí iná má lọ.

Fóònù mi dún lọ́jọ́ kejì. Èémí ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí Múfú ń fa imú.

"Àǹtí mi, wọ́n bú mi," ó ní. "Wọ́n bú mi dáadáa. Mo ti wò ó títí Tómi fi há a sórí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n tún bú mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."